Ohun tó wà lẹ́yìn ìyàwó: ọ̀sẹ̀ kan ní Chicago pẹ̀lú fọ́tò àtijọ́

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Mo gúnlẹ̀ sí O'Hare nírọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti mú kóòtù dání fún mi. Wọ́n ti mọ̀ pé aṣọ àǹkárá ni màá wọ̀ wá. Oṣù kẹwàá ni, àmọ́ atẹ́gùn tó fẹ́ sí mi lójú lẹ́nu ọ̀nà pápákọ̀ kò bá ti oṣù kẹwàá tí mo mọ̀ tan.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún fọ́tò tó ti bàjẹ́ ṣe. Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Àwọn èèyàn á gbé fọ́tò ìgbéyàwó bàbá wọn wá, ikán ti jẹ ẹ́ létí, omi ti wọ̀ ọ́. Màá jókòó tì í lórí kọ̀ǹpútà títí ojú ìyàwó á fi padà wá. Ojú èèyàn ni wọ́n ń sanwó fún. Kò sẹ́ni tó tíì sọ fún mi rí pé, "Ẹ bá mi tún ilé tó wà lẹ́yìn wọn ṣe."

Ilé bàbá àgbà wa ní Òkè-Àdó ti di ojú títì láti ìgbà tí mo wà ní pírámárì. Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù tí ilé náà ti fara hàn, ti ìgbéyàwó àbúrò bàbá mi ní 1968. Ààbọ̀ ilẹ̀kùn, fèrèsé kan, àti òdòdó tí bíríkìlà fi sìmẹ́ńtì mọ sókè fèrèsé náà. Gèlè ìyàwó ló bo ìyókù. Mo ti fẹ fọ́tò yẹn títí ó fi di kìkì tóótòòtó dúdú àti funfun, gèlè kò kúrò lọ́nà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu láti mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù aṣọ. Mo gbọ́ pé wọ́n ti ń ya ilé ní fọ́tò ní ìlú yìí láti bí ọdún 170 sẹ́yìn, láìsí ìyàwó kankan níwájú rẹ̀. Mo tẹ àwọn kan jáde kí n tó kúrò nílé. Mo fẹ́ lọ dúró níbi tí àwọn tó yà wọ́n dúró sí.

Ọjọ́ Àìkú

Ìsìn gùn. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n sọ mí kalẹ̀ ní Michigan Avenue, níwájú ilé-ìṣọ́ omi tí wọ́n ń pè ní Water Tower. Òkúta aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n fi kọ́ ọ ní 1869, W. W. Boyington ló ya àwòrán rẹ̀. Ó rí ṣóńṣó-ṣóńṣó lókè bí ilé tí ọmọdé fi yẹ̀pẹ̀ mọ. Àwọn ilé gíga tó yí i ká báyìí ń wò ó nílẹ̀ bí àgbàlagbà ṣe ń wo ọmọ jòjòló.

Nínú fọ́tò tó wà lọ́wọ́ mi, òun ni ó ga jù. Ọdún 1871 ni, iná ṣẹ̀ṣẹ̀ jó tán. Iná yẹn ràn lálẹ́ ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá, ó jó di ọjọ́ kẹwàá. Ilé tó lé ní 17,000 ló lọ sí i, nǹkan bí 300 èèyàn kú, nǹkan bí 100,000 di aláìnílé. Pákó ni wọ́n fi kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ilé ìlú nígbà náà. Kódà, pákó ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ilé-ìṣọ́ yìí àti ilé ẹ̀rọ omi tó kọjú sí i wà lára ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù. Ohun tó dùn mí jù ni pé ilé ẹgbẹ́ ìtàn ìlú náà jóná, pẹ̀lú ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀, títí kan ìwé ìkéde òmìnira ẹrú tí Lincoln fọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Àwọn ayafọ́tò kò jókòó sunkún. George Barnard, tó ti ya ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, pàdánù ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ nínú iná yẹn. Ó gbé kámẹ́rà jáde, ó ń ya àlàpà. Wọ́n máa ń lẹ fọ́tò irú èyí méjì-méjì mọ́ páálí. Èèyàn á gbé e sínú ohun èlò kan tó ní awò méjì, á wá rí àlàpà náà bí ẹni pé ó wà níbẹ̀ gan-an. Wọ́n ń tà á káàkiri. Ẹ má bínú, ọlọ́jà ni èmi náà: inú mi dùn sí i.

Àmọ́ fọ́tò tí mo fẹ́ràn jù ti ṣáájú iná. Ní 1858, Alexander Hesler gun orí ilé ẹjọ́ ìlú, ó sì ya ìlú yíká. Dígí ni wọ́n ń lò bíi fíìmù lásìkò yẹn. Wọ́n á da kẹ́míkà sí i lára, kò gbọdọ̀ tíì gbẹ kí wọ́n tó yà á, kò sì gbọdọ̀ gbẹ kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Ẹ wo ẹni tó kó gbogbo ìyẹn gun àtẹ̀gùn! Òpópó inú àwọn fọ́tò náà dá páropáro. Kì í ṣe pé kò sí èèyàn níbẹ̀ o. Ẹni tó bá ń rìn kò dúró pẹ́ tó kí dígí tó mọ̀ ọ́n. Ilé nìkan ló dúró jẹ́ẹ́, ilé nìkan ló hàn. Òdìkejì gèlè ìyàwó gan-an nìyí.

Ọjọ́ Ajé

Òjò. Mi ò jáde. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yá mi ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, mo sì lo gbogbo dúdú inú yíǹkì rẹ̀ tán. Láti 1933 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó fún àwọn ayàwòrán-ilé tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ní iṣẹ́: kí wọ́n lọ wọn ilé àtijọ́, kí wọ́n yà á ní fọ́tò, kí wọ́n kó o pamọ́ sí Library of Congress, ilé ìkàwé ńlá ti ìjọba níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè wà á jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́fẹ̀ẹ́! Mo tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ fún ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní kí n jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Mo ṣìnà lónìí, fọ́tò ló sì jẹ̀bi.

Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀ ni 335 South Halsted Street. Hull-House ni, ilé tí Jane Addams àti Ellen Gates Starr kó sí ní 1889 kí wọ́n lè máa gbé láàárín àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ítálì, Gíríìsì àti àwọn ilẹ̀ mìíràn. Mo wọ bọ́ọ̀sì nọ́ńbà 8, mo ń ka nọ́ńbà ilé láti ojú fèrèsé, mo sì sọ̀ kalẹ̀ ní 335. Ilé oúnjẹ àwọn Gíríìkì ni mo bá. Òórùn ẹran sísun gba gbogbo àdúgbò. Mo lọ, mo bọ̀, mo gbé fọ́tò sókè, mo tún gbé e sílẹ̀. Kò sí ilé kankan tó jọ ọ́.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù wò mí títí, wọ́n ní kí ni mo ń wá. Mo fi fọ́tò hàn wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní nọ́ńbà àtijọ́ nìyẹn.

Ní 1909 ni Chicago pààrọ̀ nọ́ńbà ilé. Ṣáájú ìgbà náà, apá kọ̀ọ̀kan ìlú ló ní bó ṣe ń kà tirẹ̀. Wọ́n wá fi ibi tí State Street àti Madison Street ti pàdé ṣe òdo, wọ́n sì ń ka 800 sí máìlì kan ní apá tó pọ̀ jù nínú ìlú. Ìyẹn ni 335 fi di 800. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí gúúsù, mo kọjá lórí afárá títì márosẹ̀, ìbínú ti ń kúrò lára mi. Bí ẹnì kan bá gbé fọ́tò Chicago wá fún mi lọ́la, ohun tí màá kọ́kọ́ wò nìyẹn: bí nọ́ńbà ilé kò bá bá àdúgbò mu, ó ṣeé ṣe kó ti wà ṣáájú 1909.

Ilé bíríkì ni Hull-House, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Charles Hull ló kọ́ ọ ní 1856. Nígbà tí yóò fi di 1907, wọ́n ti fi ilé kún ilé títí ó fi di 13: ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, ilé eré, ilé ìdáná, ilé eré ìdárayá. Jane Addams gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 1931. Ní ọdún 1960 àti díẹ̀, wọ́n fẹ́ kọ́ yunifásítì síbẹ̀, wọ́n sì wó wọn. Méjì péré ni wọ́n ṣẹ́ kù. Mo na fọ́tò sókè, mo ń pe àwọn ilé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjì ló dá mi lóhùn.

Ọ̀kan nínú méjì yẹn gan-an kò jọ ara rẹ̀. Ní ìgbà ayé Addams, wọ́n kọ́ àjà kẹta lé e. Àwọn tó tún un ṣe lẹ́yìn ìwólulẹ̀ yọ ọ́ kúrò kí ilé lè padà sí bó ṣe rí nígbà Hull. Wọ́n tún un ṣe fún ẹni tó kọ́ ọ, wọn kò tún un ṣe fún ẹni tí a tìtorí rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Èmi ìbá má yọ ọ́. Àmọ́ èmi tí mò ń yọ ikán kúrò lójú ìyàwó, kí ni mo fẹ́ sọ?

Ọjọ́rú

Ẹ̀gbọ́n mi gbàyè níbi iṣẹ́, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ rí ohun tí mo ń tìtorí rẹ̀ jìyà òtútù. A wọ ọkọ̀ ojúurin lọ sí Bronzeville, ní gúúsù ìlú. Adúláwọ̀ tó wà ní Chicago ní 1910 jẹ́ bí 44,000. Ní 1920 wọ́n ti di bí 109,000, àwọn tó sá kúrò ní àwọn ìpínlẹ̀ ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè náà wá síṣẹ́ ilé ẹran àti ilé irin. Ibi tí ìlú gbà wọ́n láyè láti gbé kò fẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i.

A dúró sí ìkóríta òpópó 34 àti State Street. Mo fi Mecca Flats hàn wọ́n nínú fọ́tò. 1892 ni wọ́n kọ́ ọ, kí àwọn àlejò ibi Àfihàn Àgbáyé ti 1893 lè rí ibi wọ̀ sí. (Lára ohun tí àwọn àlejò yẹn ń sanwó wò níbi àfihàn ni abúlé kan tí wọ́n kó àwọn ará Dàhómì sí, àwọn aládùúgbò wa gan-an, nínú òtútù yìí.) Inú ilé náà ni ó mú mi: gbàgede méjì tí wọ́n fi dígí bò lókè, ọ̀dẹ̀dẹ̀ onírin tó rí bíi léèsì yí i ká lájà-lájà. Nígbà tó yá, àwọn adúláwọ̀ ló ń gbé ibẹ̀, wọ́n sì pọ̀ ju ohun tí ilé náà lè gbà lọ. Ilé ẹ̀kọ́ gíga tó múlé gbè é rà á, wọ́n fẹ́ wó o, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ bá wọn fà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wallace Kirkland wá yà á fún ìwé ìròyìn Life ní 1951: ọmọdé kan dúró síbi ọ̀dẹ̀dẹ̀ onírin, ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀ láti orí dígí. Ní 1952, wọ́n wó o.

Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni Crown Hall, tí ayàwòrán-ilé Mies van der Rohe ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n parí ní 1956. Irin àti dígí ni látòkè délẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ bí a ṣe ń yàwòrán ilé wà nínú rẹ̀, a ń wò wọ́n bí ẹja inú dígí. Ilé tó lẹ́wà ni, mi ò lè purọ́. Ní 2018, àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ nítòsí rẹ̀ bá táìlì ilẹ̀ Mecca lábẹ́ ilẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìyẹn ni pé wọ́n wó ilé tí èèyàn ń gbé, kí wọ́n lè fi ibẹ̀ kọ́ni bí a ṣe ń kọ́lé?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Wọn kò sọ nǹkan kan mọ́ títí a fi rìn dé iwájú ilé Ida B. Wells ní King Drive. Obìnrin tó fi ìwé ìròyìn bá àwọn tó ń so adúláwọ̀ kọ́ jà ló gbé ibẹ̀ láti 1919 títí di 1930. Ilé òkúta ni, ilé-ìṣọ́ kékeré wà ní igun rẹ̀, èèyàn ṣì ń gbé inú rẹ̀. A kò pẹ́ níbẹ̀, ilé onílé ni.

Ní òpópó 47, mo kó fọ́tò tí Russell Lee yà jáde. Ìjọba ló rán an wá ní oṣù kẹrin 1941. Òun ló ya àwọn ọmọkùnrin márùn-ún yẹn tó wọ kóòtù Ọdún Àjíǹde, tí wọ́n wà níwájú mọ́tò kan, èyí àárín lára wọn dá fìlà mọ́jú bí olówó. Gbogbo ayé ti rí i. Àwọn tí wọn kò rí tó bẹ́ẹ̀ ni èyí tó yà nínú ilé: ilé ńlá tí wọ́n gé sí iyàrá kọ̀ọ̀kan, ìdílé kan sí iyàrá kan, sítóòfù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan fún gbogbo àjà. Kitchenette ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀gbọ́n mi gba fọ́tò lọ́wọ́ mi. "Face-me-I-face-you nìyí," ni wọ́n wí. "Irú rẹ̀ ni mo gbé nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. N kò sọ fún Mọ́mì."

Ilé eré Regal wà ní ìkóríta yìí láti 1928, wọ́n wó o ní 1973. Nínú gbogbo fọ́tò tí mo kó wá, ti Lee nìkan ni èèyàn àti ilé ti dọ́gba. Kò sí èyí tó bo èkejì.

Ọjọ́bọ̀

Ọjọ́ Richard Nickel, ayafọ́tò. Òun gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ wá.

Chicago ni wọ́n ti bí i ní 1928. Nígbà tó ń kọ́ iṣẹ́ fọ́tò, olùkọ́ wọn, Aaron Siskind, ní kí wọ́n lọ ya àwọn ilé tí ayàwòrán-ilé Louis Sullivan ya àwòrán wọn. Àwọn yòókù parí iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n bá tiwọn lọ. Nickel kò parí tirẹ̀. Kámẹ́rà ńlá tí wọ́n ń gbé lé ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ń lò, irú èyí tí iwájú rẹ̀ ṣeé gbé sókè tí ògiri kò fi ní dà bí ẹni ń ṣubú sẹ́yìn. Ó máa ń dúró de oòrùn títí òjìji yóò fi bọ́ sí inú òdòdó ara ògiri. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti ya òdòdó sìmẹ́ńtì ní ọ̀sán gangan mọ̀ pé kò sí ohun tó ń hàn.

Bó ṣe ń yà wọ́n ni wọ́n ń wó wọn. Garrick, ilé eré tí Sullivan àti Adler, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, parí ní 1892, ó gbé pátákó lọ jà fún un ní 1960. Wọ́n wó o lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi ibẹ̀ ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí. Láti ìgbà náà kì í ya fọ́tò lásán mọ́. Á mú òòlù àti ṣísẹ́lì, á wọ inú ilé tí wọ́n ti ń wó, á máa yọ amọ̀ sísun tí wọ́n fín òdòdó sí lára kúrò, á gbé e lọ sílé.

Ilé ìdókòwò Chicago ní LaSalle Street, ti 1894, ni wọ́n kàn. Ìgbìmọ̀ ìlú kọ̀ láti dáàbò bò ó. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin 1972, Nickel wọ inú rẹ̀ lóun nìkan, kò sì jáde. Àwọn àjà ti wó lé e lórí. Ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀. Ẹni ọdún 43. Oṣù kẹfà ọdún náà ni ìgbéyàwó rẹ̀ ìbá ti wáyé.

Mo jẹ búrẹ́dì lábẹ́ ẹnu ọ̀nà ilé náà. Ẹnu ọ̀nà nìkan ló kù lóde: wọ́n gbé e wá sí igun Monroe àti Columbus Drive, lẹ́yìn Art Institute, ó dúró lórí koríko, kò ṣí sí ibì kankan. Nínú ilé ọnà náà, wọ́n tún gbọ̀ngàn ìṣòwò rẹ̀ tò ní 1977, pẹ̀lú àwọn nǹkan tí Nickel àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọ. Mo wọlé. Mo ti fi ọdún mẹ́ta wo gbọ̀ngàn yìí ní dúdú àti funfun lórí kọ̀ǹpútà, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi pé àwọ̀ ewéko, wúrà àti pupa ló kún un látòkè. Mo ní láti jókòó.

Mo wá kọjá sí apá Áfíríkà, nítorí pé ẹsẹ̀ ti ń ro mí, ibẹ̀ sì ní àga. Ibẹ̀ ni mo ti kan Òpó Ògògá.

Ọlọ́wẹ̀ ará Ìṣẹ̀ ló gbẹ́ ẹ, láàárín 1910 sí 1914, fún ààfin Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ọba jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ kanlẹ̀, ẹyẹ bà lé orí adé rẹ̀. Olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó di ìtẹ́ mú, ó ga ju ọba lọ. Mo ti rí i nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ìwé ní ère ni, mo sì ti máa ń wò ó bí ère. Lónìí, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n yọ lára ilé, mo rí i pé apá ilé ni òun náà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin ló wà, àwọn òpó mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níbi tó wà yìí, kò sí òrùlé tó ń bá a wí.

Mo bá a ya fọ́tò. Mo dúró síwájú rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Alẹ́ ni mo tó rí i pé gèlè mi bo olorì.

Ọjọ́ Ẹtì

Ibojì Graceland. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn kì í lọ sí itẹ́ òkú láìní òkú níbẹ̀. Mo dá lọ. Sullivan, tó kú ní tálákà ní 1924, wà níbẹ̀. Nickel wà nítòsí rẹ̀. Mo ya òkúta méjèèjì. Òtútù lé mi wálé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Alẹ́ òní ni ọkọ̀ mi máa gbéra. Láàárọ̀, mo bọ́ sí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé láti ya ilé tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé. Alájà mẹ́ta ni, ìdílé kan sí àjà kan. Bíríkì tó ń dán wà níwájú, bíríkì lásán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lẹ́yìn, àtẹ̀gùn onípákó tí wọ́n kùn ní àwọ̀ eérú ń lọ́ gòkè lẹ́yìnkùlé. Ẹgbàágbèje irú rẹ̀ ló wà nílùú yìí, kò sẹ́ni tó ń yà á. Mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kúrò lọ́nà. Mo dúró de oòrùn títí ó fi kan àjà kejì.

Ìyá àgbàlagbà kan yọjú láti ilé tó kọjú sí wa.

"Ṣé wọ́n fẹ́ wó o ni?"

Mo ní rárá o, mà, mo kàn ń yà á ni.

Wọ́n wò mí. Wọ́n wá wo ilé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n tún wo tiwọn. Wọ́n ní kí n má tíì ká kámẹ́rà mi o, kí n wá ya tiwọn náà. Wọ́n wọlé, wọ́n kun ètè, wọ́n jáde wá dúró ṣánṣán sí àárín ilẹ̀kùn.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sún sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀.